Oògùn Nìkan Kọ́: Ohun Tí Ìtàn Abúlé Aró Sọ fún Wa Nípa Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ

Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò bójú mu láàárín ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kì í pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi ní, "Ẹ gbé e lọ sí Aró!" Bó bá jẹ́ ọmọ Èkó ló ń sọ̀rọ̀, "Yaba Left" ni yóò dárúkọ. A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Aró tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yìí, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè nígbà kan rí, kí wọ́n lè wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Ìtàn yẹn la fẹ́ sọ lónìí, nítorí àríyànjiyàn kan wà láàárín wa tí ìtàn náà lè tàn ìmọ́lẹ̀ sí.

Àríyànjiyàn náà rèé. Àwọn kan ní bí ọpọlọ ènìyàn bá ti dàrú, oògùn dókítà nìkan ni ojútùú: kí ó máa gbé hóró oògùn mì láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní oògùn òyìnbó yìí ló ń sọ ènìyàn di òkú tó ń rìn, kí a dà á nù, ká padà sí ọ̀nà àwọn baba wa tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtùnú àti ìfẹ́ ẹbí wo wèrè sàn. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń pe ìtàn lẹ́lẹ́rìí. Nígbà tí a yẹ ìtàn náà wò, kò jẹ́rìí fún èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí a rí ni pé ní ilẹ̀ wa, oògùn àti ènìyàn ni wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn. Nígbà tó yá, a di oògùn mú, a sì jọ̀wọ́ ènìyàn sílẹ̀.

Wíwò àti wíwòsàn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, ibi tí iṣẹ́ wa wà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a ń fojú rí nǹkan, "wò", òun náà la fi ń sọ pé a ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. À ń wo àwòrán. Ìyá àgbà ń wo ọmọ. Oníṣègùn ń wo aláìsàn, bí ara bá sì yá, a ní ó wò ó sàn. Ilé ìwòsàn, bí a bá tú u palẹ̀, ni ilé tí wọ́n ti ń wo ènìyàn títí yóò fi sàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí ìtàn, àmọ́ ó tọ́ka sí nǹkan kan: ẹni tí a kò sún mọ́, a kò lè wò ó.

Yorùbá kò sì fi orúkọ kan ṣoṣo pe àìsàn ọpọlọ. Abísínwín ni ti ìyá ọmọ tuntun tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Wèrè ìran ni èyí tó ń tẹ̀lé ìdílé kiri. Wèrè àfiṣe ni èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọ̀tá ló ti wá. Ọdẹ orí ni ti ẹni tó ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, tí orí ń gbóná, tí oorun kò sì kun ojú rẹ̀. Wèrè aláṣọ ni ẹni tó ń wọṣọ, tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ tí àwọn ará ilé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bó ṣe yẹ. Àwọn tó ya gbogbo ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn ti fara balẹ̀ wo ènìyàn dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Asofẹ́yẹjẹ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Láyé àtijọ́, ilé adáhunṣe tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń gbé aláìsàn ọpọlọ lọ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀, ó sì lè lo oṣù, ẹnì kan nínú ẹbí á sì máa bá a dúró. Ohun tí adáhunṣe kọ́kọ́ ń fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú. Oògùn ni, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ló sì gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Igi yìí ń so èso wẹ́wẹ́ pupa tí ẹyẹ fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀: ó so fún ẹyẹ jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń múni sùn, ó ń mú ara tó ń gbóná wálẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Rauvolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Apá kejì orúkọ náà tọ́ka sí èébì yẹn. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Jámánì kan tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún.

Lẹ́yìn oògùn ni ẹbọ àti ọfọ̀. Bí ara bá sì ti yá, wọ́n á mú ẹni náà lọ sétí odò, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kí omi gbé aṣọ àìsàn lọ kí àìsàn náà má bàa mọ ọ̀nà padà. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ jókòó ti àwọn adáhunṣe, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní 1960 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn adáhunṣe Nàìjíríà ṣe ń fi igi yìí wo wèrè. Ní 1963, òun àti Frank Speed ṣe fíìmù kan lórí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì pe àkọlé rẹ̀ ní Wèrè Ni.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nílé adáhunṣe. Pàṣán náà wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́, ìgbàgbọ́ yìí sì mú kí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tì sójú títì. Òwe tó ní "wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ" fi hàn pé ìtìjú ti wà lọ́rùn ẹbí tipẹ́, kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ nìkan ni àwọn baba wa fi wo wèrè ti fo nǹkan méjì kọjá: ó fo gbòǹgbò, ó sì fo ẹ̀wọ̀n.

Ṣíṣọ́ yàtọ̀ sí wíwò

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí. Ti Kàlàbá bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ti Yábà ní 1907. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 fún àwọn aláṣẹ lágbára láti ti ẹni tí wọ́n bá ní orí rẹ̀ kò pé mọ́lé. Kò sí dókítà ọpọlọ tó ń gbé ibẹ̀ láti wò wọ́n. Iṣẹ́ ilé náà ni láti kó àwọn tó ń da ìlú láàmú kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944, wọ́n ṣí ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú sì wà lára àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí èdè wa ní fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣọ́. Wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn, wọn kò wò ó. Ẹbí tó máa ń bá a dúró nílé adáhunṣe kò ní ipò kankan níbí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tó wà nílé adáhunṣe wọ ilé ìjọba, àmọ́ oògùn àti ará ilé kò bá a wọlé.

Ọdún 1952: gbòǹgbò di hóró oògùn

Kí a tó dé Aró, ẹ jẹ́ ká yà sí Yúróòpù díẹ̀, nítorí oògùn tí wọ́n lò ní Aró, ibẹ̀ ló ti wá. Ní ọdún 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker, ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris, ròyìn pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní chlorpromazine ń mú kí ara àwọn tí orí wọn dàrú balẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Basel ní Switzerland, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ciba yọ èròjà kan jáde láti inú gbòǹgbò Rauvolfia serpentina, igi tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò tipẹ́. Reserpine ni wọ́n pè é. Igi ti Íńdíà yìí àti asofẹ́yẹjẹ wa, ìbátan ni wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn rí i pé ti Áfíríkà náà ní reserpine nínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbòǹgbò rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn òyìnbó àkọ́kọ́ tí ayé fi wo àìsàn ọpọlọ, inú gbòǹgbò tí adáhunṣe ń gún lódó ló wà. Nítorí náà, ẹni tó ní kí a ju oògùn nù nítorí pé ó jẹ́ ohun àjèjì kò mọ ilé tí oògùn náà ti wá. Àmọ́ oògùn náà ní ìyọnu tirẹ̀. Reserpine ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n sì ròyìn ìbànújẹ́ ọkàn lára àwọn kan tó ń lò ó, títí chlorpromazine fi gba ipò rẹ̀. Chlorpromazine pàápàá ń mú ara àwọn mìíràn le gbagidi, ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì ń mú oorun wá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń ṣàròyé pé oògùn ń ṣe òun báyìí báyìí kì í ṣe aláìgbọràn. Òótọ́ ló ń sọ.

Abúlé tó di ilé ìwòsàn

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Thomas Adéoyè Lambo dé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923, Baptist Boys' High School ló lọ níbẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní London. Nígbà tó padà wálé láti ṣe olórí iṣẹ́ ní Aró, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Ẹlòmíràn ì bá dúró de àwọn kọ́lékọ́lé. Lambo tọ àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká lọ, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sílé. Bí ètò abúlé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1954 nìyẹn.

Ó ní òfin kan tí kò ṣe é yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o, ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un, láti máa fọ aṣọ rẹ̀, láti máa mú un lọ sílé ìwòsàn kí ó sì mú un padà. Nílé ìwòsàn, dókítà ń fún un ní oògùn àti abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn gba ìtọ́jú oníná tí ayé ń lò nígbà náà. Bí ó bá padà sí abúlé, ó lè bá wọn lọ sóko, ó lè ta ayò, ó lè jókòó síbi tí ìlù ti ń dún. Lambo gba àwọn adáhunṣe síṣẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n ń darí eré àti àpéjọ àwọn aláìsàn ní abúlé, ìmọ̀ wọn nípa àṣà sì ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí aláìsàn ń sọ.

Kò retí kí àwọn ará abúlé ṣe é lófẹ̀ẹ́. Owó ilé ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi yàrá kún ilé, ó fa omi ẹ̀rọ wá, ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì rán àwọn tó ń pa ẹ̀fọn. Abúlé tó ti ń bẹ̀rù wèrè rí i pé àwọn aláìsàn mú omi ẹ̀rọ wá fún òun. Ọmọdé ibẹ̀ ń dàgbà, ó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń gbé ládùúgbò, tó ń lọ odò, tó ń kí ènìyàn káàárọ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ètò yìí wà jù, lójú tiwa, ni ọ̀dọ̀ ẹbí tó bá aláìsàn wá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó lò níbẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ láìmọ̀. Ó ti mọ bí àìsàn ṣe máa ń yọjú kí ó tó le. Ó ti mọ oògùn tó yẹ, ìgbà tó yẹ, àti ohun tí oògùn náà ń ṣe lára ẹni rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jọ padà sílé, ìtọ́jú bá wọn lọ. Lambo kò sọ oògùn nù. Ó fi oògùn sínú ilé tí ènìyàn wà.

Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Ní 1963, Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell, Lambo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé tó jáde láti inú ìwádìí tí wọ́n jọ ṣe láàárín àwọn Yorùbá. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì kú ní 2004.

Ọ̀rọ̀ kan àwa akẹ́kọ̀ọ́

Ìtàn yìí kò yọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag. Orí á máa gbóná, ojú á máa dùn wọ́n, wọ́n á ka ìwé kan náà léraléra, kò ní yé wọn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á rántí ọdẹ orí. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ ìròyìn tí Lambo kọ nípa ìṣòro àti ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Bírítéènì àti Ireland.

Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí Prince ń sọ? Ẹbí ti ta ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dúró kí àbúrò lè lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló gbé ìrètí ilé dání, àbájáde ìdánwò sì ti jáde lára ògiri. Oògùn lè jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn, oorun náà sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè bá a sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó fìdí rẹmi. Ènìyàn ló lè ṣe ìyẹn.

Oògùn láìsí ènìyàn

Amẹ́ríkà ti fi ìdàkejì dán an wò. Ní 1955, àwọn tó wà nínú ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba níbẹ̀ lé ní 550,000. Oògùn tuntun wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa dá wọn sílẹ̀. Ní 1963, Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n kọ́ ibùdó ìtọ́jú sí àdúgbò káàkiri. Wọ́n tú àwọn ènìyàn náà sílẹ̀, wọ́n kó oògùn lé wọn lọ́wọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú ibùdó tí wọ́n ṣèlérí ni wọn kò kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ojú títì, ọ̀pọ̀ sì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ tó le ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé, Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ó lé ní 1,200 aláìsàn tí wọ́n tẹ̀lé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ṣe fáàrí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ẹbí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ètò abúlé? Lẹ́yìn Lambo, Tọ́lání Asuni ló di olórí Aró. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, abúlé ń di ìlú, ẹbí tó níṣẹ́ oṣù kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ètò náà sì rọ díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn Aró ṣì wà, ó ń ṣiṣẹ́ ribiribi. Aláìsàn ń lọ, ó ń gba ìwé oògùn, ó ń padà sílé. Níbi púpọ̀, òun àti ìwé oògùn náà nìkan ni.

Ibi tí a dé báyìí

Ẹ̀wọ̀n kò tíì tán. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Wọ́n bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ènìyàn nílé adáhunṣe, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, àti ní ibùdó ìjọba pẹ̀lú. Ẹ̀rí nìyí fún ẹni tó rò pé sísá fún oògùn nìkan ló kù tí ara á fi tu aláìsàn.

Síbẹ̀ ọ̀nà wà. Ní 2020, ìwé ìròyìn The Lancet tẹ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn ṣíwájú nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, pẹ̀lú aláìsàn 307. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ti ń bá adáhunṣe àti wòlíì ṣiṣẹ́ pọ̀, tí aláìsàn ń gba oògùn níbi tó wà gan-an, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn jọ ohun tí Lambo ṣe ní 1954. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní 1916. Ó sọ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó sì kọ̀ kí wọ́n máa ṣe ojúsàájú sí i.

Òfin kò lè bá ènìyàn jókòó. Ohun tí a mú nínú ìtàn yìí kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ń lo oògùn ọpọlọ kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí àìsàn lè padà pẹ̀lú agbára. Bí oògùn bá ń ni ín lára, kó sọ fún dókítà, kó bi í bóyá wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ. Ọ̀rẹ́ tàbí ará ilé kan ló yẹ kó bá a lọ, kó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kó sì mọ àmì tí yóò máa wò. Ní Aró, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyá ló ṣe é. Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Àìsàn tí a kò lórúkọ fún, ẹ̀sín la fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní abísínwín, wọ́n ní ọdẹ orí, wọ́n ní wèrè ìran, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Àwa tí a kàwé jù wọ́n lọ, "wèrè" kan ṣoṣo la fi ń bú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìlú yín, kí ẹ sì bi wọ́n ẹni tó máa ń bá aláìsàn gbé nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó di ohun tí a ń wá tì.